Sẹ́ẹ̀tì fákúùmù tí mo rà ní Dei-Dei: pọ́ǹpù ẹ̀ dáa, tépù ẹ̀ ló fẹ́ pa mí

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ṣèlérí fún àwọn kan pé tí mo bá ti lo sẹ́ẹ̀tì tí mo rà láti fi ṣe ara mọ́tò onífáíbà yìí tó oṣù mẹ́ta màá wá sọ bó ṣe rí, ó ti lé ní oṣù mẹ́fà báyìí, ẹ má bínú, iṣẹ́ ni. Fún ẹni tí ò mọ̀ mí, Apo Mechanic Village níbí l'Abuja ni mo wà, bọ́ńpà, side skirt, spoiler, gbogbo nǹkan mọ́tò tó bá ṣáà ti jẹ́ fáíbà, èmi ni wọ́n ń gbé e wá bá. Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń fi bírọ́ọ̀ṣì pa á, rẹ́síìnì (oje tó máa ń dì gbagidi) lórí mat (fáíbà tí wọ́n tẹ́ pẹlẹbẹ), mat lórí rẹ́síìnì, òórùn ẹ̀ á gba gbogbo àdúgbò, ìyàwó mi á ní kí n bọ́ aṣọ sílẹ̀ níta kí n tó wọlé. Kí ló wá gbé mi dé ọ̀rọ̀ fákúùmù? Kọ́sítọ́mà kan láti Gwarinpa ló gbé Golf wá, ó ní bọ́nẹ́ẹ̀tì kábọ̀n (fáíbà dúdú yẹn) lòun fẹ́, kó fúyẹ́, kí ojú ẹ̀ máa dán bíi dígí, òun ò fẹ́ rí ihò kan ṣoṣo lára ẹ̀. Mo ní kò sí wàhálà. Ẹnu mi ló kó bá mi.

Ẹ̀yin tẹ́ ò tíì rí i rí, bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí: ẹ ó to aṣọ fáíbà ní gbígbẹ sínú móòdù, ẹ ó fi náílọ́ọ̀nù bò ó, ẹ ó fi tépù tó ń lẹ̀ bíi gọ́ọ̀mù yí etí ẹ̀ ká, pọ́ǹpù á wá fa gbogbo afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ jáde títí náílọ́ọ̀nù á fi lẹ̀ mọ́ aṣọ yẹn pinpin, ìgbà yẹn lẹ ó wá tú róbà (páìpù rírọ̀) rẹ́síìnì sílẹ̀, á máa wọlé fúnra ẹ̀, ẹ ó kàn máa wò ó bó ṣe ń ṣókùnkùn lọ lára aṣọ bí ìgbà tí omi bá ń gun ògiri. Kò sí bírọ́ọ̀ṣì, kò sí òórùn tó ń pani lórí. Tá a bá fọwọ́ pa mat, nínú iṣẹ́ kílò mẹ́ta, bíi kílò méjì ló sábà máa ń jẹ́ rẹ́síìnì, àmọ́ tó bá jẹ́ fákúùmù ni, aṣọ fáíbà ló máa kó kílò méjì yẹn, rẹ́síìnì á kó ọ̀kan, òun ló ṣe máa ń fúyẹ́ tó sì tún le. Ìṣòro ẹ̀ ni pé tí afẹ́fẹ́ bá há sínú ẹ̀, ihò ló máa dà, ihò ọ̀hún ò sì mọ sórí ojú tí ò dán nìkan o. Àwọn tó ń wọn nǹkan wọ̀nyí ní ìdá 1 nínú 100 péré tó bá jẹ́ ihò, ó lè kó bíi ìdá 7 nínú 100 lọ nínú agbára tó di ìpele aṣọ kan mú mọ́ ìkejì. Àwọn tó ń ṣe ara bàálù kì í fẹ́ kí ihò ju 1 tàbí 2 nínú 100 lọ. Èmi tí mo ń ṣe bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo kàn fẹ́ kó má fò lójú ọ̀nà Kaduna ni.

Ṣọ́ọ̀bù tí mo ti rà á, inú ọjà Dei-Dei ni, mi ò ní dárúkọ wọn torí ohun tí mo fẹ́ sọ, dídùn ń bẹ ńbẹ̀, kíkorò náà ń bẹ. Màmá kan tó jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú ló ni ín, ó mọ ọjà ẹ̀, kì í ṣe irú àwọn tí wọ́n á kàn ní "ọ̀gá, original ni" kí wọ́n sì gbowó. Nínú páálí mo bá pọ́ǹpù, irú èyí tí àwọn oní-AC ń lò, mo bá ìkòkò onírin kan tó ní ìdérí tó mọ́ gaara, òun ni rẹ́síìnì tó bá ṣẹ́kù á dà sí kó má baà gba inú róbà lọ ba pọ́ǹpù jẹ́, gééjì wà níbẹ̀, tépù róòlù méjì, náílọ́ọ̀nù, peel ply (aṣọ tá a máa ń bó kúrò lórí iṣẹ́ tó bá ti le tán), nẹ́ẹ̀tì tí rẹ́síìnì máa ń gba orí ẹ̀ ṣàn, róbà, spiral tó ń pín rẹ́síìnì káàkiri (ẹ rántí wáyà fóònù orí tábìlì ayé ìjọ́sí tó máa ń lọ́ pọ̀, bó ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyẹn), àti epoxy, ìyẹn rẹ́síìnì ẹ̀, kílò márùn-ún pẹ̀lú hádénà tó ń mú un le. Owó ẹ̀ ò kéré. Owó àjọ tí mo kó ni mo kó lé e, ìyàwó mi ò tíì gbọ́ èyí tó kù.

Pọ́ǹpù yẹn, mi ò lè purọ́ mọ́ ọn, ó dáa. Ariwo ẹ̀ mọ níwọ̀n, èèyàn lè gba kọ́ọ̀lù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, kò sì ní pẹ́ tí náílọ́ọ̀nù bọ́nẹ́ẹ̀tì odindi á ti lẹ̀ wọlé. Ohun tó já mi láyà ni gééjì. Mo ti gbọ́ pé fákúùmù tó pé, 30 íǹṣì mẹ́kúrì ló ń jẹ́ lórí gééjì, tèmi gun 28 ó dúró. Mo pa á, mo tún un tàn, mo fún gbogbo nọ́ọ̀tì mọ́ra, 28 náà ni. Inú ti ń bí mi, mo bá pe màmá.

"Màmá, pọ́ǹpù tó ti kú lẹ tà fún mi o."

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ rọra. Mélòó ni gééjì ń sọ?"

"Méjìdínlọ́gbọ̀n, kò kúrò níbẹ̀."

"Ó tán nìyẹn. Ṣé Èkó lẹ wà ni? Àwọn kọ́sítọ́mà mi tó wà ní Jos, 26 ni tiwọn ń dé, wọn ò sì bá mi jà."

Mo ní kó má fi ọ̀rọ̀ Jos tàn mí jẹ. Ìgbà tí mo wá wádìí ẹ̀, òótọ́ ni màmá sọ. Afẹ́fẹ́ ìta ni gééjì yẹn fi ń wọn nǹkan, bí ilẹ̀ bá ṣe ga tó ni afẹ́fẹ́ ìta á ṣe fúyẹ́ tó, ìdí òkun l'Èkó wà, wọ́n lè sún mọ́ 30, Abuja ga ju òkun lọ ní nǹkan bíi mítà 400 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, Jos lé ní mítà 1,200. Kò sí pọ́ǹpù ayé yìí tó máa fa ohun tí ò sí níbẹ̀. Mo pè é padà mo ní ẹ má bínú màmá, ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun ti mọ́ ọn lára. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Jos, tẹ́ ẹ bá rí 26, ẹ fọkàn balẹ̀, ẹ má tú pọ́ǹpù yín.

Òróró pọ́ǹpù nìkan lẹ gbọ́dọ̀ máa wò. Ní July tí òjò ń rọ̀ lójoojúmọ́, tèmi funfun bí ògì, omi tó wà nínú aṣọ ló wọ inú ẹ̀. Àlàájì oní-AC tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì sí tèmi ló fi kọ́kọ́rọ́ kékeré orí pọ́ǹpù yẹn hàn mí, ó ní kí n tú u díẹ̀ kí pọ́ǹpù máa ṣiṣẹ́ lásán fún bíi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí omi jáde, kí n tó wá pààrọ̀ òróró. Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi.

Ó wá kan tépù. Hà, tépù. Tépù tó dáa, tẹ́ ẹ bá fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, ó yẹ kó gbà, kó rí bíi ṣuìngọ́ọ̀mù tẹ́ ẹ ti ń jẹ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kó sì fẹ́ tẹ̀ lé ìka yín tẹ́ ẹ bá ń gbé e kúrò. Tèmi ń ṣẹ́ bí ẹ̀bà ìjẹta. Iwájú ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n tò ó sí tí oòrùn ń sá a látàárọ̀ d'alẹ́, oṣù kìíní sì ni mo rà á, eruku ọyẹ́ ti bà lé gbogbo etí ẹ̀. Mi ò mọ nǹkan kan, mo lò ó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo bó bọ́nẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ kúrò nínú móòdù, ìgun ẹ̀ kan níwájú gbẹ, rẹ́síìnì ò dé ibẹ̀ rárá, ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́, gbogbo ojú tó kù kún fún ihò abẹ́rẹ́. Mo fi ayùn gé etí ẹ̀ wò, inú ẹ̀ dà bí inú àkàrà. Oní-Golf dé, ó tẹjú mọ́ ọn títí, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ṣé ẹ̀fọn ló jẹ ẹ́ ni?" Ọmọ iṣẹ́ mi sá wọ ẹ̀yìn mọ́tò lọ rẹ́rìn-ín.

Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi ń bú rẹ́síìnì. Mo ní ayédèrú ni, mo ní wọ́n ti fi nǹkan là á. Ó tó ọjọ́ kan tí mo wá ṣe ohun tó yẹ kí n ti ṣe látilẹ̀: mo di gbogbo nǹkan tán láìtíì po rẹ́síìnì kankan, pọ́ǹpù fà á dé 28, mo fi kílípù pa róbà pọ́ǹpù, mo jókòó ti gééjì. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ó ti já sí 19! Afẹ́fẹ́ ń wọlé wìì, èmi ń bú rẹ́síìnì.

Wíwá ibi tó ń jò ló le jù. Lọ́sàn-án ní Apo, ta ló fẹ́ gbọ́ ìró afẹ́fẹ́ láàárín òòlù àwọn pánẹ́ẹ̀lì bítà? Nọ́ọ̀sì ni ìyàwó mi, mo yá stethoscope ẹ̀, mo padà lọ sí ṣọ́ọ̀bù lálẹ́ nígbà tí gbogbo ẹ̀ ti pa rọ́rọ́, mo bọ́ ẹnu ẹ̀ kúrò kó ku róbà lásán, mo kúnlẹ̀ ti móòdù mo ń gbé róbà yẹn káàkiri etí tépù bí ẹni ń yẹ aboyún wò. Ọlọ́dẹ wá tan tọ́ọ̀ṣì sí mi lójú, ó béèrè lédè Hausa pé kí ni mò ń ṣe, mo ní mò ń gbọ́ ọkàn bọ́nẹ́ẹ̀tì. Mo rí mẹ́ta lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ọ̀kan wà níbi tí náílọ́ọ̀nù ti ṣẹ́po, ọ̀kan níbi tí róbà ti wọlé, ìkẹta ló yà mí lẹ́nu jù, òwú kábọ̀n ẹyọ kan, tín-ín-rín bí irun orí, ó dùbúlẹ̀ kọjá lábẹ́ tépù, ẹ̀gbẹ́ òwú yẹn ni afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé bí ẹní gba ojú ọ̀nà. Látìgbà yẹn mo máa ń fi tépù bébà bo etí móòdù kí n tó gé aṣọ kankan, ìgbà tí mo bá tò ó tán ni mo máa ń ṣí i. Tí gééjì bá fi lè mira nínú ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, mi ò ní ṣí rẹ́síìnì. Ẹ̀yin náà, tẹ́ ẹ bá ń rí ìlà funfun tín-ín-rín tó ń tọ inú rẹ́síìnì bíi ipa ìgbín, ẹ tọ̀ ọ́ padà, ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ ló ń jò.

Ibi tí mo ti máa bá màmá wí rèé: sẹ́ẹ̀tì yẹn ò ní fáàfù. Bọ́nẹ́ẹ̀tì kejì, gééjì dúró ṣinṣin, rẹ́síìnì ti kọjá ìdajì, mo ti ń kọrin, ni iná bá lọ. Pọ́ǹpù dákẹ́, kò sì sí nǹkan tó máa dí ẹnu ọ̀nà, afẹ́fẹ́ bá gba inú pọ́ǹpù padà wọ inú ìkòkò, ó wọ inú náílọ́ọ̀nù, ó tún tu òróró sí inú róbà fún mi. Kí ọmọ iṣẹ́ tó fa jẹnẹrétọ̀, gééjì ti wà ní 12. Ẹni tó ń ta irú nǹkan yìí ní Nàìjíríà tí ò rò ó pé iná á lọ, ibo ló ń gbé? Mo lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn oní-páìpù omi nínú ọjà Dei-Dei kan náà, mo ra fáàfù kékeré tí wọ́n máa ń fọwọ́ yí, owó ẹ̀ ò tó nǹkan, mo fi sáàárín pọ́ǹpù àti ìkòkò. Báyìí tí iná bá lọ, mo máa yí i pa ni, tí náílọ́ọ̀nù ò bá ti jò, fákúùmù á dúró síbẹ̀ dè mí.

Rẹ́síìnì tí mo bú yẹn, mo bẹ̀ ẹ́ o. Ó dáa gan-an. Ó ń ṣàn bí òróró tí ọyẹ́ mú, kì í ṣe bíi polyester wa, rẹ́síìnì tá a fi ń pa mat, tó ń fà bí oyin. Èmi ni mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ẹ̀. Mo kọ́kọ́ fi dírìlì pò ó, ó hó bí ọṣẹ, gbogbo afẹ́fẹ́ tí mo fagbára fà jáde ni mo tún fọwọ́ ara mi pò sínú ẹ̀ padà. Ẹ fi igi pò ó díẹ̀díẹ̀, ẹ gbé e sínú ìkòkò onírin yẹn, ẹ jẹ́ kí pọ́ǹpù fa afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ fún bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá, á ru sókè bí ẹ̀kọ tó fẹ́ bọ́ síta, nítorí náà kó má ju ìdá kan nínú mẹ́rin ìkòkò lọ. Lẹ́yìn náà ooru. Oṣù kẹta l'Abuja ẹ mọ̀ ọ́n, ó máa ń fẹ́ tó 40 dígírì, ooru sì máa ń jẹ́ kó tètè ṣàn àmọ́ ó tún máa ń jẹ́ kó tètè dì, bó bá fi dígírì mẹ́wàá gbóná sí i, àsìkò tẹ́ ẹ ní á fẹ́rẹ̀ẹ́ dín sí ìdajì. Mo po kílò méjì lẹ́ẹ̀kan nínú korobá, kò pẹ́ ló ń rú èéfín, korobá yọ́ ní ìdí. Lẹ́yìn àsùbáà ni mo ń ṣe tèmi báyìí, kí oòrùn tó yọjú. Ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ fi òṣùwọ̀n wọ̀n ọ́n, hádénà epoxy kì í ṣe káńtálísì polyester tẹ́ ẹ lè rọ́ kún un kó lè tètè gbẹ, tó bá ti ju iye tó yẹ, kò ní le dáadáa láéláé.

Tó bá jẹ́ polyester lẹ fẹ́ fà lọ́nà yìí, styrene, omi olóòórùn tó wà nínú ẹ̀, lè bẹ̀rẹ̀ sí í hó tí fákúùmù bá ti le jù, ìyẹn náà á di ihò. Èmi, tó bá ti kún tán, mo máa ń dín fákúùmù kù díẹ̀.

Ọmọkùnrin tó ń bá màmá tajà ló ní kí n fi nẹ́ẹ̀tì bo gbogbo ojú aṣọ títí dé ibi róbà pọ́ǹpù. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Orí nẹ́ẹ̀tì ni rẹ́síìnì ti ń sáré, tó bá sáré dé ẹnu róbà kí aṣọ ìsàlẹ̀ tó mu, pọ́ǹpù á kàn máa fa rẹ́síìnì dànù ni, ìsàlẹ̀ á gbẹ. Ẹ ṣẹ́ nẹ́ẹ̀tì kù ní ìka mẹ́ta kó tó dé ibẹ̀, kó rọra rìn parí ìrìn ẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ gbígbẹ tó wà ní ìgun bọ́nẹ́ẹ̀tì mi àkọ́kọ́ yẹn, mo wá mọ ohun tó fà á: mo gé aṣọ kù díẹ̀ níbẹ̀, àyè ṣí sílẹ̀ láàárín aṣọ àti etí móòdù, rẹ́síìnì rí i bí omi òjò ṣe ń rí gọ́tà, ó gba ẹ̀gbẹ́ sáré lọ iwájú, ó ṣẹ́rí padà, ó sé afẹ́fẹ́ mọ́ àárín. Náílọ́ọ̀nù náà, ẹ má na án bí awọ ìlù, ẹ fi ìṣẹ́po sílẹ̀ níbi gbogbo tó bá ti ní kọ̀rọ̀, kó pọ̀ bí agbádá, tí kò bá wọlé dé inú kọ̀rọ̀ tán, rẹ́síìnì lásán ló máa kún ibẹ̀.

Spoiler kan tún wà tí mi ò ní gbàgbé. Mo ní kí ọmọ iṣẹ́ máa wo korobá rẹ́síìnì, ó ń wo fóònù. Ìró tí mo gbọ́ ni ìró ọmọdé tó mu Fanta tán tó ṣì ń fa straw, fúrúùù, afẹ́fẹ́ ti gba róbà wọ inú iṣẹ́ ká tó débẹ̀. Mo ní wàá san án. Kò san án ṣáà.

Ohun mìíràn, aṣọ fáíbà tẹ́ ẹ bá kó sílẹ̀ nígbà òjò, ó máa ń mu omi inú afẹ́fẹ́, nínú fákúùmù tó jinlẹ̀ omi lè hó ní ooru yàrá lásán, kò dúró de 100 dígírì. Èmi máa ń fà á sílẹ̀ mọ́jú kí n tó tú rẹ́síìnì sí i.

Mo gbé tépù padà lọ fún màmá. Ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, kò bá mi jiyàn, ó wọ inú lọ mú róòlù méjì tuntun tí wọn ò tíì já ọ̀rá ẹ̀ fún mi, ó ní oòrùn ni. Ti fáàfù, ó ní bí wọ́n ṣe kó o wá láti China nìyẹn, òun ò lè fi kún un. Mo ní ẹ máa sọ fún èèyàn kí wọ́n tó sanwó nígbà yẹn, ó dákẹ́. Bọ́nẹ́ẹ̀tì kẹta jáde bíi dígí, oní-Golf fi owó ẹyọ gbá a káàkiri, ó ń dún kan, kan, kan, kò sí ibi tó dún pọ̀ọ̀, ó san ìyókù owó mi lójú ẹsẹ̀, ó tún ní òun fẹ́ ti bùútù.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún pọ́ǹpù àti rẹ́síìnì wọn. Tépù, ọ̀kan, torí pé wọ́n pààrọ̀ ẹ̀. Wọ́n máa ń fi ọjà ránṣẹ́ sí Kaduna àti Jos láti ibùdókọ̀, ọ̀rẹ́ mi ní Kaduna gba tiẹ̀ láàárín ọjọ́ méjì, kò fọ́. Màmá ní tépù tuntun ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, mo ti ní kó tọ́jú róòlù mẹ́rin pamọ́ fún mi sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, kó má gbé e síwájú. Tẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ ní kí wọ́n já ọ̀rá ẹ̀ lójú yín, kẹ́ ẹ fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ kẹ́ ẹ tó ka owó.